Kẹ̀kẹ́ oníná kò ní cc: kí òfin Èkó mọ̀ ọ́n

Ẹni tó bá dúró ní ìdíkọ̀ Ìjaníkin láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ òwúrọ̀ á rí bí Ọ̀tọ̀-Àwórì ṣe ń jí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí àwa àgbà ṣì ń pè ní AOCOED, ń wá ọ̀kadà tí yóò gbé wọn dé ẹnu géètì. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ń sáré kí wọ́n lè dé Àgbárá kí aago iṣẹ́ tó lù. Ìyá ẹlẹ́ja gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù, omi iyọ̀ ń kán tó tó tó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìrìn wọn kò gùn rárá: kìlómítà mẹ́ta, márùn-ún, bóyá mẹ́jọ. Síbẹ̀, owó tí wọ́n ń san lórí ìrìn kékeré yìí ló ń jẹ èrè ọjọ́ wọn tán.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 sún mọ́ ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ní etíkun tiwa yìí, ìyà epo ti wà ṣáájú ìyẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni àjọ aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè mọ́. Àwọn onífàyàwọ́ ni wọ́n dojú àṣẹ náà kọ, ṣùgbọ́n ará Badagry tí kò fi kẹ́ẹ̀gì gbé epo kọjá Sẹ̀mẹ̀ rí jẹ nínú ìyà náà. A ti kọ́ ọ nígbà náà pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé epo, ẹlòmíràn ló ń pinnu ibi tó máa dé.

Ìdí rèé tí ìwé ìròyìn yìí fi fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ oníná lónìí, kí a sọ ọ́ délẹ̀.

Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti Òkokomáíkò títí dé Badagry, kò sí òkè kan tó lè mú ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ èyí. Kí alùpùpù tó gbòde, kẹ̀kẹ́ ológeere ni tíṣà, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ajíhìnrere àti adẹ́mu fi ń rìn. Ẹni tó bá ní Raleigh lábúlé nígbà náà ti kúrò ní ẹni à ń fojú di. Oòrùn, òógùn àti ìtìjú ló lé kẹ̀kẹ́ kúrò ní títì. Ọmọ wa kò fẹ́ dé ibi iṣẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti rin gbingbin, kò sì fẹ́ kí wọ́n wò ó bí ẹni tí kò lówó ọ̀kadà.

Kẹ̀kẹ́ ológeere náà ni kẹ̀kẹ́ oníná, pẹ́dàlì àti ṣéènì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó fi kún un ni mọ́tò kékeré tí wọ́n fi sínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn tàbí sí ìdí pẹ́dàlì, bátìrì tí wọ́n so mọ́ férémù, àti kọntiróólà tó ń wọn iná fún mọ́tò. Bí o bá ti ń fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dàlì, mọ́tò á fi agbára tirẹ̀ kún tìrẹ. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1895 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún Ogden Bolton ní ìwé àṣẹ lórí kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò iná wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì ló dá a dúró. Bátìrì olójé wúwo, kì í sì í gbéni jìnnà. Ìgbà tí owó bátìrì lithium tó fúyẹ́ wálẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ yìí tó di ohun tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń gùn ní Yúróòpù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ṣírò ọjà. Bátìrì tó jẹ́ fóltì 48, tí wọ́n kọ 10Ah sí lára, kò gbà tó ìdajì yúnìtì kan lórí mítà. Ká fi ohun tí ṣájà ń fi ṣòfò kún un, ká pè é ní 0.55. Lórí Band A, ìpele tí owó iná rẹ̀ ga jù, níbi tí yúnìtì kan ti di ₦209.50 ní oṣù Keje ọdún 2024, owó rẹ̀ kò pé ₦120. Ẹni tó ń yí pẹ́dàlì dáadáa lórí ilẹ̀ tó tẹ́ bíi tiwa lè fi rin nǹkan bíi kìlómítà 40. Alùpùpù á jẹ tó lítà epo kan lórí ọ̀nà yẹn. Bí a bá ra lítà kan ní ₦900, ìyàtọ̀ náà kò nílò olùṣirò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ₦120 wé ₦900, tó dúró síbẹ̀, ń tan ara rẹ̀ jẹ. Bátìrì ló wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ yìí, kì í sì í wà títí láé. Bátìrì lithium tó dára á gbà tó ìgbà 500 sí 800 kí agbára rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù gidi. Ẹni tó ń gba iná sí i lójoojúmọ́, ọdún kan àbọ̀ sí méjì ló ní. Ìmọ̀ràn wa rọrùn: ọjọ́ tí o bá ra kẹ̀kẹ́ oníná ni kí o bẹ̀rẹ̀ àjọ bátìrì. Yọ lára owó epo tí o kò rà mọ́, gbé e fún alájọ lójoojúmọ́, má sì fọwọ́ kàn án. Bí ọjọ́ bátìrì bá pé, owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. A mọ àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wọn wà lẹ́yìnkùlé, adìẹ ń sùn lórí rẹ̀.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní Kútọnu, tí kò jìnnà sí wa, iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ Spiro báyìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó alùpùpù oníná fún àwọn zémidjan, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, ní ọdún 2022, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ M Auto. Awakọ̀ kì í dúró ti ṣájà. Á yà sí ibùdó, á yọ bátìrì tó ti tán, á gbé èyí tó kún sí i, á san owó rẹ̀, á sì máa lọ. Ní Abẹ́òkúta náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣí ètò alùpùpù oníná ní ọdún 2023, nígbà tí owó epo kọ́kọ́ fò sókè. Ọ̀tọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì: Sẹ̀mẹ̀ ní apá kan, ààlà Ògùn ní apá kejì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún kò lè ṣaláì dé ọ̀dọ̀ wa, bóyá a múra sílẹ̀ fún un tàbí a kò múra.

Òfin ni kò tíì múra. Láti ọdún 2012 ni òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475, títì márosẹ̀ Èkó sí Badagry sì wà lára ọ̀nà tí wọ́n ká mọ́ ọn. Òfin àtúnṣe ìrìnnà ti ọdún 2018 tún mú un le sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fi mẹ́rin kún un. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọjọ́ tiwa àti ti Badagry kò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Èyí ni pé ọ̀kadà lè ṣiṣẹ́ nínú àdúgbò wa, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ márosẹ̀ tó la àdúgbò náà já. Àwọn tó bá rú òfin mọ ohun tó ń tẹ̀lé e: ní ọdún 2022 yẹn, ìjọba fi ẹ̀rọ lọ alùpùpù tó ju 2,000 pa ní gbangba.

A kò sọ pé ìjọba ṣàṣìṣe nítorí pé ó fẹ́ dáàbò bo ẹ̀mí. Àwọn tí ọ̀kadà ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Ohun tí à ń sọ ni pé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dá alùpùpù mọ̀ ni 200cc, cc sì jẹ́ ìwọ̀n àyè tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò iná kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ oníná tí ọmọ ọdún 15 ń fi pẹ́dàlì wà kò ní cc. Alùpùpù oníná tó lè sá ní 80 kìlómítà ní wákàtí kan náà kò ní cc. Lójú ẹni tó mú ìwé òfin lọ́wọ́ lẹ́bàá títì, kò sí ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, bí tíṣà kan bá ta ẹ̀wù olówó iyebíye rẹ̀ kó lè ra kẹ̀kẹ́ oníná, kò mọ̀ bóyá ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ lòun tàbí ọlọ́kadà, títí di ọjọ́ tí agbófinró á sọ fún un. Èyí kò dára tó.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro, àwọn mìíràn ti rìn ín. Ní Britain, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí lọ́pọ̀ yanturu, òfin sọ ọ́ ní kedere: bí agbára mọ́tò kò bá ju wáàtì 250 lọ, tó ní pẹ́dàlì tó ń ṣiṣẹ́, tí mọ́tò sì ń dákẹ́ bí eré bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí kan, kẹ̀kẹ́ ni. Ẹni tó bá ti pé ọdún 14 lè gùn ún láìgba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, alùpùpù ni. Kó gba nọ́ńbà, kó san ìnṣọ́ránsì, kí ẹni tó ń gùn ún ní láísẹ́nsì. Wáàtì, pẹ́dàlì àti eré: ohun mẹ́ta péré. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó lè kọ gbólóhùn yẹn sínú òfin láàárín ìjókòó kan.

Kí wọ́n sì wá àyè fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń fẹ̀ márosẹ̀ yìí di onílà mẹ́wàá, iṣẹ́ kò sì tíì dé ibi tí wọ́n ṣèlérí. Ojú irin Blue Line tó ń ná Marina sí Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n ní yóò dé Òkokomáíkò. Bí ó bá dé, báwo ni ará Ọ̀tọ̀ ṣe máa dé ìdí ọkọ̀ ojú irin? Bí wọ́n bá ya ọ̀nà tóóró kan sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ nísinsìnyí tí sìmẹ́ǹtì ṣì tutù, owó rẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá dúró dìgbà tí wọ́n bá parí rẹ̀, wọ́n á ní kò sí àyè mọ́.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ wá kù sí ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ra. Ọ̀kan nínú àwa òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí ra kẹ̀kẹ́ oníná tòkúnbọ̀ kan. Ó dán gbinrin. Wọ́n gbé e fún un láìsí kọ́kọ́rọ́ bátìrì, ṣájà tí wọ́n fi kún un kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ náà fi ṣiṣẹ́. Kí ó tó di pé ẹlòmíràn jẹ irú ìyà yìí, kó ka nọ́ńbà tó wà lára ṣájà. Bátìrì fóltì 36 ń fẹ́ ṣájà tó kọ 42V, ti fóltì 48 ń fẹ́ 54.6V. Bí ó bá fi ti ńlá sí ti kékeré, ó ń fi iná ṣeré. Kó béèrè ọjọ́ orí bátìrì, kó gùn ún fún wákàtí kan gbáko kó tó sanwó, kó sì wò ó bóyá ìwọ̀n iná ń já wálẹ̀ lójijì. Àwọn kan máa ń ní bátìrì olójé nínú, èyí tó wúwo tó sì tètè ń kú. Kí ọlọ́jà sọ èyí tó jẹ́ kí wọ́n tó nájà.

Ọ̀tá kẹ̀kẹ́ yìí ní etíkun wa ni iyọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun tó ń mú páànù òrùlé wa dípẹtà kò ní dá ṣéènì àti sípóòkù sí, ibi tí wáyà bátìrì ti so mọ́ra ló sì ń kọ́kọ́ jẹ. Kí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ máa fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún lọ́sẹ̀, kó fi gíríìsì díẹ̀ pa ẹnu wáyà, kó kán òróró sí ṣéènì lẹ́yìn òjò. Kó má ṣe gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, nítorí omi tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ́n máa ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ oníná gbé apẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀: ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ni bátìrì wọn wà lábẹ́ ibi ìkẹ́rù gan-an, omi iyọ̀ tó ń kán sí i lójoojúmọ́ kò sì ní jẹ́ kó pé ọdún. Bí títì bá kún fún omi lóṣù Kẹfà, tí omi sì ti kan họ́ọ̀bù, kó sọ̀kalẹ̀, kó tì í. Òógùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó owó mọ́tò.

Ṣíṣọ́ bíréèkì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Kẹ̀kẹ́ oníná lè wọn kílò 20 sí 30, ó sì ń sáré ju ológeere lásán lọ. Páàdì bíréèkì rẹ̀ tètè ń jẹ. Fọkanáísà wa lè ṣe táyà rẹ̀, mẹkáníìkì kẹ̀kẹ́ lè ṣe bíréèkì rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ iṣẹ́ bátìrì má ṣe tú bátìrì. Ohun mìíràn tún wà: kẹ̀kẹ́ yìí kì í pariwo. Ọmọdé tó ń sọdá kò ní gbọ́ ọ. Aago lára ọwọ́ rẹ̀, akoto lórí ẹni tó ń gùn ún, iná níwájú àti lẹ́yìn lálẹ́. Kò sí àwíjàre fún ẹni tí kò bá ní wọn.

A fi èyí tó bà wá lẹ́rù jù sí ìkẹyìn. Ní New York, níbi tí ọ̀pọ̀ àtìpó láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ń fi kẹ̀kẹ́ oníná gbé oúnjẹ kiri, bátìrì lithium dá iná 268 sílẹ̀ ní ọdún 2023, ènìyàn 18 sì kú. Ìjọba ìlú náà ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta kẹ̀kẹ́ oníná tàbí bátìrì tí kò ní èdìdì àyẹ̀wò mọ́, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń gbé ní Ìjaníkin: ilé face-me-I-face-you, yàrá mẹ́wàá lójú kọ́rídọ̀ kan, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ayálégbé kan bá fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí kọ́rídọ̀, tó ki ṣájà bọ̀ ọ́ lóru nítorí òru ni NEPA mú iná wá, tí bátìrì náà sì gbiná, ojú ọ̀nà àbájáde gbogbo ilé ni iná náà dúró sí. Bátìrì lithium tó ń jó kì í ṣe ohun tí a ń fi garawa omi kan pa. Kí ẹ gba iná sí i ní ojú ọ̀sán, níta, lábẹ́ ìbòòji, lójú ènìyàn. Bí ó bá wú, tàbí tó ń rùn, tàbí tó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má fi sínú ilé. Bí ó bá gbiná, ẹ kó ènìyàn jáde, kí ẹ pe 767 tàbí 112.

Nítorí èyí ni a ṣe ń rọ Yunifásítì Ẹ̀kọ́ wa kó kọ́ búkà kan tí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn wà lórí rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gba iná sí bátìrì níta dípò inú họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Kò dìgbà tó bá tóbi; Alábà tí wọ́n ti ń ta pánẹ́ẹ̀lì kò jìnnà sí wa. Kí ìjọba Ọ̀tọ̀-Àwórì ṣe irú rẹ̀ kan sí ọjà. Kí SON, àjọ tó ń rí sí òdiwọ̀n ọjà, máa yẹ bátìrì àti ṣájà tó ń wọlé wò kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tí kò lè dá ayédèrú mọ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò lè dúró bí òfin kò bá dúró. Ẹ̀yin aṣòfin tí a fi ìbò rán lọ sí Alausa láti ìhà Ọjọ́ àti Badagry, ọ̀dọ̀ yín ni ẹjọ́ yìí wà. Ẹ kọ wáàtì, pẹ́dàlì àti eré sínú òfin ìrìnnà, kí ẹ sì ṣe é kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ lọ kẹ̀kẹ́ tíṣà kan mọ́ ọ̀kadà.